Abbas ibn Firnas, Ọkùnrin Tí Ó Kọ́ Sánmọ̀ Sínú Ilé Rẹ̀

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn òbí kan ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ nínú iyàrá. Ọ̀kan ń kan pákó pọ̀, ó ń fi wáyà àti ògbólógbòó rédíò ṣe gbohùngbohùn. Èkejì ń wá dígí kiri láti fi sínú páìpù, kí ó lè fi wo òṣùpá bí ilẹ̀ bá ṣú. Owó tí ìyá fún wọn láti fi ra ìwé ni wọ́n fi ń ra èyí tí kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé wọ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, pé ẹni tí ó bá ń wo ìràwọ̀ ní òru yóò wo iṣẹ́ awòràwọ̀ dé ibi tí yóò ti sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù.

Èmi kò ní dá ẹjọ́ láàárín bàbá àti ọmọ. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ lónìí, Mùsùlùmí ni, akéwì ni, ó sì ti kú ní ohun tí ó ju 1,100 ọdún lọ. Ẹ̀rọ tí ń dún àti ẹ̀rọ tí a fi ń mọ ìrìn ìràwọ̀ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà sì gbé e dé iwájú alíkàálì, níbi tí ó ti kù díẹ̀ kí ó fi orí lélẹ̀.

Abbas ibn Firnas ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 810 ni wọ́n bí i, ní agbègbè òkè tí wọ́n ń pè ní Takurunna, níbi tí ìlú Ronda wà lónìí ní gúúsù ilẹ̀ Sípéénì. Kì í ṣe ọmọ Lárúbáwá. Ẹ̀yà Berber ni àwọn baba rẹ̀, àwọn ará Àríwá Áfíríkà tí wọ́n sọdá òkun nígbà tí ẹ̀sìn Islam wọ ilẹ̀ náà ní ọdún 711. Àndàlúsì ni àwọn Mùsùlùmí ń pe gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí níbẹ̀, Cordoba sì ni olú ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe Cordoba díẹ̀, nítorí ẹja kì í dàgbà nínú ìkòkò. Etí odò kan ni ìlú náà wà, àwọn Lárúbáwá pe odò náà ní Wadi al-Kabir, ìyẹn odò ńlá, orúkọ náà ni àwọn ará Sípéénì sì ń pè ní Guadalquivir títí di òní. Ní nǹkan bí ọdún 785 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mọ́sáláṣí ńlá ibẹ̀. Nígbà tí Abbas wà ní ọ̀dọ́, ọba tí ń jẹ́ Abd al-Rahman Kejì wà lórí oyè, láti ọdún 822 sí 852. Ọba yìí fẹ́ràn ìwé. Ó ń rán ènìyàn lọ sí ìlà oòrùn láti lọ ra ìwé wá, bí a ṣe ń rán ènìyàn lọ ra aṣọ lónìí. Ó fẹ́ràn orin pẹ̀lú. Lábẹ́ rẹ̀ ni olórin ńlá Ziryab dé láti ìlà oòrùn, ẹni tí ó fi okùn karùn-ún kún ohun èlò olókùn tí wọ́n ń pè ní udu, tí ó jọ mólò wa, tí ó sì fi ìyẹ́ ẹyẹ idì rọ́pò igi tí wọ́n fi ń ta okùn rẹ̀.

Nínú irú ààfin bẹ́ẹ̀ ni Abbas ti rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Akéwì ọba ni. Ó ń ké ewì fún ọba nígbà ayẹyẹ àti nígbà ogun, bí èyí tí ó ké lórí ogun tí wọ́n fi ṣẹ́gun àwọn ará Toledo ní ọdún 854. Ó tún ń kọ́ àwọn ènìyàn ní orin. Iṣẹ́ tí a ń sanwó fún un nìyẹn. Gbogbo ohun mìíràn tí mo máa sọ nípa rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni.

Ohun tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé orí ọkùnrin yìí yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé kan. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ tẹ́tí sí èyí. Oníṣòwò kan ti ìlà oòrùn dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ìwé kan wà nínú ẹrù náà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé Al-Khalil ará Basra ni, ọ̀mọ̀wé tí ó kọ́kọ́ ṣí ìdí ìwọ̀n ewì Lárúbáwá. Wọ́n ní inú ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ni Al-Khalil ń gbà kọjá tí ó gbọ́ ìró òòlù wọn, tí ó fi yé e pé ewì náà ní lílù tirẹ̀. Ó wá wá àwọn ọ̀rọ̀ kan tí kò ní ìtumọ̀, bíi mafaailu, láti fi máa díwọ̀n ìlà ewì, gẹ́gẹ́ bí onílù wa ṣe máa ń fi ẹnu pe ìlù fún ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà tó fi ọ̀pá kàn án.

Ìwé náà dé ọwọ́ ọba. Kò sí ẹni tí ó yé. Ó di ohun àwàdà láàárín àwọn obìnrin ààfin: bí ọ̀kan bá fẹ́ fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́, a ṣàdúà fún un pé kí Ọlọ́run fún un ní irú ọpọlọ ẹni tí ó kọ ìwé náà. Abbas gbọ́, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun wò. Ó kà á, ó dákẹ́ lé e lórí, ó sì yé e. Èyí tí ó ya èmi lẹ́nu jù ni pé ó sọ fún wọn pé ìwé yìí kò pé, pé ìwé mìíràn gbọ́dọ̀ wà tí ó ṣáájú rẹ̀. Ọba ránṣẹ́ sí ìlà oòrùn, wọ́n sì rí ìwé kejì náà gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ. Ọba fún un ní owó àti aṣọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ mafaailu yẹn, a óò tún padà pàdé rẹ̀ níbi tí kò ti dùn.

Láti ibi ìwé ni ó ti bọ́ sí ibi iná. Àwọn òpìtàn sọ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Àndàlúsì tí ó fi òkúta ṣe dígí. Ẹni tí ó bá ti rí alágbẹ̀dẹ níbi ìwánná yóò mọ̀ pé kì í ṣe eré: òkúta funfun ni a ó lọ̀ kúnná, a ó pò ó mọ́ eérú tí yóò jẹ́ kí ó tètè yọ́, iná náà yóò sì gbóná gan-an. Òkúta kan tún wà tí ó mọ́ gaara bí omi tí ó dì. Àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Àndàlúsì fi ń kó o lọ sí Íjíbítì kí wọ́n tó lè gé e, tí wọ́n sì tún ń sanwó láti kó o padà. Wọ́n ní Abbas ni ó wá ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gé e nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà gba orí omi, ẹ mọ iye tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ yóò yọ kúrò nínú owó ọjà.

Nísinsìnyí, ó kan àwọn ládàánì. Gbogbo wa mọ̀ pé oòrùn ni ó ń sọ àkókò ìrun fún wa. Bí oòrùn bá yẹ̀ kúrò ní àtàrí, Àyìlà wọlé. Òjìji ni a fi ń mọ Àlàásárì. Bí oòrùn bá wọ̀, Mògàríbà dé, bí pípọ́n ojú sánmọ̀ bá sì parẹ́, ó di Íṣáì. Gbogbo èyí dára bí ojú ọ̀run bá mọ́. Bí ìkùukùu bá bo ojú oòrùn láti òwúrọ̀ di alẹ́ ńkọ́? Àwọn àgbà tí wọ́n kírun nínú òjò oṣù Agẹmọ kí agogo ọwọ́ tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ládàánì á jáde, á wòkè, á wo ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ á wúwo.

Abbas ṣe ẹ̀rọ kan fún ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi ta ọba Muhammad lọ́rẹ, ẹni tí ó jọba láti ọdún 852 sí 886. Ó kọ ewì sí ara rẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni irin iṣẹ́ tí ó dára jù fún ẹ̀sìn, nígbà tí oòrùn bá fara pamọ́ ní ọ̀sán tí ìràwọ̀ kò sì yọ ní òru. Omi ni a fi ń mú irú agogo bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí ẹni tí kò ṣe é rí bá gbọ́, yóò rò pé kò le: ìkòkò omi kan, ihò kékeré kan nídìí rẹ̀, kí omi máa kán, kí a sì máa wo ibi tí ó kù sí. Ó le. Bí omi bá kún ìkòkò, a máa yára tú jáde nítorí pé ìwúwo rẹ̀ ń tì í láti òkè. Bí ó bá ń dín kù, kíkán rẹ̀ á máa falẹ̀. Bí a bá pín ìkòkò náà sí ọgbọọgba, wákàtí àárọ̀ yóò kúrú, ti ìrọ̀lẹ́ yóò sì gùn. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ wá bí omi yóò ṣe máa wà ní ìwọ̀n kan náà, tàbí kí ó yí bí ìkòkò ṣe rí padà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fi gbogbo òru tún ohun kan náà ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, irú ohun tí ó ń le wọn nìyẹn.

Ó tún ṣe ẹ̀rọ olóruka. Òrùka ńláńlá ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, ọ̀kan dúró fún ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé lójú wa, ọ̀kan dúró fún ipa ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀ láti oṣù dé oṣù. Ẹni tí ó bá ń yí i yóò lè fi hàn ọmọ kéú ìdí tí ọ̀sán fi gùn nígbà kan tí ó sì kúrú nígbà mìíràn. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò ní Cordoba, nítorí ní ọdún 833 oòrùn ṣú ní ojúmọmọ, tí àwọn ènìyàn sì sáré lọ sí mọ́sáláṣí ńlá láti kírun.

Èyí tí ó wá mú kí gbogbo ìlú máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ó ṣe sínú ilé. Nínú iyàrá kan nínú ilé rẹ̀, Abbas kọ́ ojú sánmọ̀. Ẹni tí ó bá wọlé tí ó sì gbójú sókè yóò rí ìràwọ̀. Yóò rí ìkùukùu. Mànàmáná yóò kọ, àrá yóò sì sán, nínú ilé, láìsí òjò níta. Àwọn ìràwọ̀ àti ìkùukùu, mo lè fojú inú wo bí ẹni tí ó mọ dígí í ṣe yóò ṣe ṣe é. Àrá yẹn ni ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ rántí pé olórin ni, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí ohùn ṣe ń dún nínú igi àti nínú awọ, bí iyàrá ṣe ń gbé ohùn kan ga tí ó sì ń pa òmíràn. Kò ní iná mànàmáná, kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Ṣùgbọ́n ó mú kí ohùn jáde láti ibi tí ojú kò tó, kí ó sì ba ẹni tí ń gbọ́ ọ lẹ́rù. Ọmọ tí ń kan àpótí gbohùngbohùn mọ́ ògiri lónìí, tí ó ń fi ọwọ́ lu pákó kí ó lè mọ bí yóò ṣe dún, bàbá rẹ̀ nínú iṣẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan wá, wọ́n wò ó, wọ́n yin Ọlọ́run. Àwọn kan wá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Akéwì kan wà ní ààfin tí ń jẹ́ Mu'min ibn Said, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, òun àti Abbas kì í sì í rẹ́. Bí Abbas bá ti ṣe ohun kan, Mu'min á ti ké ewì èébú sí i. Ó fi sánmọ̀ inú ilé náà ṣe ẹlẹ́yà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi di orin ìlú. Àwọn kan tún wà tí wọn kò yìn, tí wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn wọ̀nyí ni ó léwu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń fi kékeré ṣe ńlá. Ní ayé Abd al-Rahman Kejì, ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ìbátan obìnrin ààfin sọ̀rọ̀ àwàdà kan nípa òjò tí ń rọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kan Ọlọ́run, wọ́n sì pa á. Àwàdà lásán. Ní ayé Muhammad, àlùfáà Baqi ibn Makhlad ti ìlà oòrùn dé pẹ̀lú àwọn ìwé hádíísì tí àwọn àlùfáà Cordoba kò mọ̀, wọ́n dìde sí i, wọ́n fẹ́ kí ọba fi ìyà jẹ ẹ́. Ọba gba ìwé náà, ó wò ó, ó ní kí wọ́n da á kọ fún òun, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọkùnrin náà. Bí ẹni tí ó gbé hádíísì Ànábì wá bá lè rí irú èyí, ẹ wo ohun tí ó ń dúró de ẹni tí àrá ń sán nínú ilé rẹ̀.

Wọ́n fẹ̀sùn kan Abbas pé aláìgbàgbọ́ tí ó fi aṣọ Mùsùlùmí bora ni, pé oṣó ni. Alíkàálì ìlú, Sulayman ibn Aswad, pe ẹjọ́ náà. Kì í ṣe ẹjọ́ owó. Bí ẹ̀sùn yẹn bá jẹ́ òótọ́, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, aládùúgbò ni wọ́n, ènìyàn lásán. Wọ́n ní ọ̀kan jẹ́rìí pé òun rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde láti ojú ọ̀gbàrá ilé rẹ̀ ní òru oṣù Ṣẹẹrẹ. Ẹni tí ń yọ́ òkúta, tí ń po ẹ̀lú àti oògùn dígí, omi pupa kò ha lè jáde láti ilé rẹ̀? Èrò tèmi nìyẹn. Òmíràn dìde, ó ní òun gbọ́ ọ tí ó ń pe ọfọ̀. Wọ́n ní kí ó sọ ọfọ̀ náà. Ó ní ohun tí òun gbọ́ ni mafaailu, mafaailu.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí Al-Khalil fi ń díwọ̀n ewì ni ọkùnrin náà pè ní ọfọ̀. Akéwì jókòó sínú ilé rẹ̀ ní òru, ó ń díwọ̀n ìlà ewì, aládùúgbò fi etí mọ́ ògiri, ó ní oṣó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ kan náà tí ọba tìtorí rẹ̀ fún un ní owó àti aṣọ ni wọ́n fẹ́ fi bẹ́ ẹ lórí.

Mo gbóṣùbà fún alíkàálì náà. Kò jẹ́ kí ariwo ìlú sọ fún òun ohun tí òun yóò ṣe. Ó gbọ́ gbogbo wọn tán, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ òfin, wọ́n gbé ẹ̀rí náà yẹ̀ wò, wọn kò sì rí ohun kan nínú rẹ̀ tí òfin lè dì mú. Wọ́n dá Abbas sílẹ̀. Ó lọ sí ilé, ó sì tún padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi rò pé ẹlòmíràn ì bá ti wó iyàrá náà palẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń dúró kí n dé ibi tí ó ti fò. Nítorí pé ìtàn yìí ni gbogbo ayé mọ̀ nípa rẹ̀, àsọdùn sì ti pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Lẹ́yìn òde Cordoba ni ọgbà ọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Rusafa. Ní nǹkan bí ọdún 875, nígbà tí Abbas ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó lọ síbẹ̀. Ó fi aṣọ ṣẹ́dà bo ara, ó to ìyẹ́ ẹyẹ lé e lórí, ó so apá méjì mọ́ ara bí apá ẹyẹ, ó sì gun ibi gíga kan. Àwọn ènìyàn péjọ. Ó fò. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó lọ jìnnà díẹ̀ kí ó tó máa bọ̀ nílẹ̀. Níbi bíbalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: ó já lulẹ̀ lójijì, ó sì ṣe ẹ̀yìn léṣe. Àwọn tí wọ́n rò ó lẹ́yìn náà sọ pé kò fi ìrù sí i. Ẹ wo àṣá tí ń bọ̀ wá gbé òròmọdìẹ, ẹ óò rí i pé bí ó bá fẹ́ balẹ̀, ìrù rẹ̀ ni ó ń fẹ̀ tí ó sì ń tẹ̀ wálẹ̀, kí eré rẹ̀ lè rọlẹ̀. Abbas wo apá ẹyẹ dáadáa, kò wo ìrù.

Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ó fò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí pé ó yí ìlú po, ẹ má gbà á gbọ́. Al-Maqqari, tí ó sọ ìtàn náà fún wa lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, kú ní ọdún 1632, ohun tí ó lé ní 700 ọdún lẹ́yìn Abbas. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí ó lágbára ju ti Al-Maqqari lọ, láti ẹnu ọ̀tá ni ó sì ti wá. Mu'min ibn Said, ẹlẹ́nu mímú yẹn, ké ewì kan ní ayé Abbas gan-an, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé nígbà tí ó kó ìyẹ́ gúnnugún wọ̀, ó fò ju ẹyẹ inú àlọ́ lọ. Bí kò bá fò rárá, kí ni ọ̀tá rẹ̀ yóò máa bú u fún? Yẹ̀yẹ́ Mu'min ni ó pa ìtàn náà mọ́ fún wa.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó gbìyànjú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1000, Al-Jawhari, onímọ̀ èdè Lárúbáwá tí ó kọ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá nì, so apá onígi mọ́ ara ní ìlú Nishapur, ó fò láti orí òrùlé mọ́sáláṣí, ó sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀, àlùfáà Kírísítẹ́nì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Eilmer fò láti orí ilé ìṣọ́, ó ṣẹ́ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, òun náà sì sọ pé àìfi ìrù sí i ni ó fà á. Ọdún 1903 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright tó fi ẹ̀rọ fò ní Amẹ́ríkà.

Abbas gbé ọdún mélòó kan sí i lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Ọdún 887 ni ó kú, ọdún kan lẹ́yìn ọba Muhammad. Ìyẹn ni pé ó lé ní àádọ́rin ọdún kí ó tó lọ, lẹ́yìn tí ó ti sin ọba mẹ́ta, nítorí wọ́n ní ó ti wà ní ààfin láti ayé al-Hakam, bàbá Abd al-Rahman. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó kù. Àwọn Kírísítẹ́nì gba Cordoba ní ọdún 1236, wọ́n sọ mọ́sáláṣí ńlá náà di ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì náà ni títí di òní, bí àwọn òpó rẹ̀ tilẹ̀ dúró síbẹ̀ tí àlejò ń wò wọ́n.

Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Ère rẹ̀ tí ó na apá méjèèjì wà ní Baghdad, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ní ọdún 1976 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ kòtò ńlá kan nínú òṣùpá, ní ẹ̀yìn òṣùpá tí a kì í rí láti ilé ayé. Ní ọdún 2011 ni àwọn ará Cordoba ṣí afárá tuntun kan lórí odò ńlá wọn, wọ́n pè é ní Afárá Abbas ibn Firnas, wọ́n sì ṣe ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni pé ìyẹ́ apá méjì ni ó na sórí omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ìtàn àlùfáà Baqi ibn Makhlad ni mo fẹ́ mú wá, ẹni tí mo dárúkọ lókè, àti bí ó ṣe fi ẹsẹ̀ rìn láti Àndàlúsì dé Baghdad nítorí hádíísì.